Septimius Severus, Ọmọ Áfíríkà tí ó Jọba ní Róòmù

Nínú ìtàn àwọn ọba Róòmù, orúkọ Augustus, ti Nero àti ti Constantine ni ó sábà máa ń wọ̀ wá létí. Ṣùgbọ́n ọba kan wà láàárín wọn tí ó yẹ kí àwa mọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i. Septimius Severus ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 18 tí ó fi jókòó lórí ìtẹ́ Róòmù, àṣẹ rẹ̀ sì de láti aṣálẹ̀ Síríà títí dé òkè Bíríténì. Gbogbo ẹni tí ó dìde sí i ni ó ṣẹ́gun. Ohun kan ni agbára rẹ̀ kò ká: kò lè mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Nítorí ọ̀ràn yìí ni a ṣe rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ fún àwa tí a fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, ọdún 145 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ni wọ́n bí Severus ní Leptis Magna, ìlú kan ní etí òkun ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíà lónìí. Ìlú oníṣòwò ni Leptis, epo ólífì sì ni ọrọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Fòníṣíà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ìgbà pípẹ́ kí Róòmù tó gba ilẹ̀ náà, èdè wọn, èyí tí à ń pè ní Púníkì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ nílé títí di ìgbà ayé Severus. Geta ni orúkọ bàbá rẹ̀, Fulvia Pia ni orúkọ ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ pé nígbà tí ó wà ní kékeré, eré ìdájọ́ ni ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: òun a jókòó bí adájọ́, àwọn yòókù a sì ru igi àti àáké níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹmẹ̀wà ìjòyè Róòmù ti í ṣe.

Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ogún ọdún, ó fi ilé sílẹ̀, ó lọ sí Róòmù. Ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti di ènìyàn ńlá níbẹ̀ bá a bẹ Marcus Aurelius, ọba ìgbà náà, wọ́n sì gbà á sí ipò àwọn tí ó lè wọ Ìgbìmọ̀ àwọn Àgbà. Ó gbọ́ Látìnì, ó gbọ́ Gíríkì, ṣùgbọ́n òpìtàn kan sọ pé ohùn Áfíríkà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó. A kà pẹ̀lú pé nígbà tí ó ti gòkè tán, arábìnrin rẹ̀ kan ti Leptis wá kí i. Obìnrin náà kò lè sọ Látìnì dáradára, ojú sì ti ọba níwájú àwọn ìjòyè. Ó fún un ní ẹ̀bùn púpọ̀, ó dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá, ó sì ní kí wọ́n padà sí ilé. Ìtàn kékeré ni, ṣùgbọ́n ó dùn wá nígbà tí a kà á. Ènìyàn lè gòkè títí kí ó máa tijú èdè tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Severus kò fò sórí oyè lójijì. Ó sìn ní erékùṣù Sardinia, ó ṣe olórí ogun ní Síríà, ó sì ṣe gómìnà ní Lugdunum, èyí tí í ṣe ìlú Lyon ní ilẹ̀ Fáránsé, àti ní Sísílì. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Paccia Marciana, kú. Ní ọdún 187 ó sì fẹ́ Julia Domna, ọmọ àlùfáà òrìṣà oòrùn ní ìlú Emesa ní Síríà. Obìnrin tí ó mòye ni Julia, ó fẹ́ràn ìwé àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó bí ọmọkùnrin méjì fún un. Àkọ́kọ́ ni a bí ní oṣù kẹrin ọdún 188, ẹni tí ayé wá ń pè ní Caracalla nítorí ẹ̀wù onífìlà kan tí ó máa ń wọ̀. Èkejì ni Geta, tí ó jẹ́ orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀, a sì bí i ní oṣù kẹta ọdún 189. Oṣù 11 péré ni ó wà láàárín wọn.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 192, àwọn ará ààfin pa ọba Commodus, ọmọ Marcus Aurelius, nítorí ìwà ìkà rẹ̀. Wọ́n fi Pertinax jọba. Àgbà olóòótọ́ ni Pertinax, ó sì fẹ́ tún ìlú ṣe kánkán, ṣùgbọ́n kò fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ní àyè àti owó bí wọ́n ti ń fẹ́. Ní ọjọ́ 87, wọ́n pa á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe ohun tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí: wọ́n gbé ìjọba ayé sí gbàǹjo. Bàbá ìyàwó Pertinax wà nínú àgọ́ wọn, ó ń dá iye. Ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Didius Julianus dúró lẹ́yìn odi, òun náà ń dá iye. Èyí fi kún un, tọ̀hún fi kún un, títí Julianus fi dá 25,000 sesterces, owó Róòmù, fún ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì di ọba.

Ní àkókò yìí, Severus ni gómìnà ilẹ̀ Pannonia Òkè, ó sì wà ní Carnuntum ní etí odò Danube, ní ilẹ̀ tí í ṣe Austria lónìí. Ẹgbẹ́ ogun ńlá 3 wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 193, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fi í jọba, ó sì kéde pé òun ń lọ gbẹ̀san Pertinax. Kò jáfara lọ́nà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, Ìgbìmọ̀ àwọn Àgbà dá Julianus lẹ́bi ikú, ọmọ-ogun kan sì pa á nínú ààfin tí ó fi owó rà. Ọjọ́ 66 ni ó fi gbádùn ọjà rẹ̀. Kí Severus tó wọ ìlú, ó ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin pé kí wọ́n wá pàdé òun láì mú ohun ìjà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé, ó fi ogun rẹ̀ yí wọn ká, ó bọ́ wọn kúrò ní iṣẹ́, ó sì lé wọn jìnnà sí Róòmù tó 100 máìlì. Ó fi àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ dípò wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé idà ni ó mú Julianus wọlé, idà náà ni ó mú un jáde, idà náà sì ni ó gbé Severus wọlé.

Ìjọba kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ tán. Àwọn ọmọ-ogun Síríà ti fi gómìnà wọn, Pescennius Niger, jọba. Gómìnà mìíràn tí ó lágbára, Clodius Albinus, sì wà ní Bíríténì. Severus mọ̀ pé òun kò lè bá méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi Albinus ṣe Késárì, èyí tí í ṣe oyè àrólé, ó sì mú kí ó gbàgbọ́ pé bí òun bá kú, òun ni yóò jọba. Ọkàn Albinus balẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Severus kọjú sí ìlà-oòrùn, ó ṣẹ́gun Niger ní Issus ní ọdún 194, wọ́n sì pa Niger bí ó ti ń sá lọ. Ìlú Byzantium, tí ó fara mọ́ Niger, kọ̀ láti túúbá. Severus dó tì í títí ebi fi ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì wó odi rẹ̀ palẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni a wá ń pè ní Constantinople, tí ó sì ń jẹ́ Istanbul lónìí.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, Severus fi oyè Késárì tí ó fún Albinus lé ọmọ rẹ̀ Caracalla lórí, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 9. Ó sọ pé ọmọ Marcus Aurelius ni òun, ó sì fún Caracalla ní orúkọ ọba rere náà. Albinus mọ̀ nígbà náà pé a ti tan òun. Wọ́n pàdé ní ẹ̀bá Lugdunum, ìlú tí wọ́n ti bí Caracalla, ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 197. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Severus fúnra rẹ̀ fi pàdánù ẹṣin rẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó yí ogun padà. Albinus kú, Severus sì ní kí wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí Róòmù láti fi dẹ́rù bà àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ó pa 29 nínú Ìgbìmọ̀ àwọn Àgbà. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ fi ọ̀ràn Albinus yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, Severus kò fi pa mọ́ pé àwọn ọmọ-ogun ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ó fi kún owó oṣù wọn, ó gbà wọ́n láàyè láti gbé ìyàwó níṣu lọ́kà, ó sì dá ẹgbẹ́ ogun ńlá 3 mìíràn sílẹ̀. Ó fi ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀bá Róòmù gan-an, ohun tí àwọn ọba ìṣáájú kì í ṣe. Owó kò tó fún gbogbo ìnáwó yìí. Nítorí náà ó ń fi idẹ lú fàdákà tí wọ́n fi ń rọ owó, títí fàdákà inú owó náà fi sún mọ́ ìdajì. Ní ọdún 198, ó kó ìlú Ctesiphon, olú-ìlú àwọn ará Pátíà, ó sì fi Mesopotámíà kún ilẹ̀ Róòmù. Ṣùgbọ́n odi Hatra nínú aṣálẹ̀ bì í padà nígbà méjì.

Kò yẹ kí a sọ ibi rẹ̀ kí a má sọ ire rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gbọ́ ẹjọ́ títí di ọ̀sán, a sì máa fún àwọn olùpẹjọ́ láàyè tó láti sọ tẹnu wọn. Ní ìgbà tirẹ̀ ni Papinian, ọ̀kan nínú àwọn amòfin tí ó ga jù lọ ní Róòmù, di olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin. Kò sì gbàgbé ìlú rẹ̀. Ó kọ́ ọjà ńlá, ilé ẹjọ́ olókùúta dídán àti èbúté sí Leptis, àwókù wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní tí àwọn ènìyàn ń lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ ìjọba rẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ̀jẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ ta sílẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 203, wọ́n pa Perpetua, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, àti Felicitas, ẹrúbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, níwájú àwọn òǹwòran ní Carthage. Eré ọjọ́ ìbí Geta, ọmọ ọba, ni wọ́n fi ikú wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ọmọ náà. Láti kékeré ni wọn kò ti rẹ́. Bí ẹnìkínní bá ní àkùkọ tí ó ń jà, èkejì a wá òmíràn tí yóò ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan nínú eré ìje, ẹnìkejì a lọ sẹ́yìn ìkejì. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sáré, wọ́n fi ìbínú sá a tó bẹ́ẹ̀ tí Caracalla fi ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Plautianus, ọmọ Leptis bí ti Severus, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ nígbà náà, ni ó ń kó wọn níjàánu díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi fún Caracalla ní ìyàwó ní ọdún 202. Caracalla kórìíra bàbá, ó kórìíra ọmọ. Ní ọdún 205, ó fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Plautianus, wọ́n sì pa á nínú ààfin. Òpìtàn ìgbà náà sọ pé láti ọjọ́ yìí ni àwọn ọmọ méjèèjì ti dà bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn kú, kò sí ohun tí wọn kò ṣe mọ́.

Kí ni bàbá wọn ṣe sí i? Ó gbà wọ́n níyànjú. Ó fi wọ́n joyè papọ̀. Ó ní kí wọ́n rọ owó tí a kọ ìrẹ́pọ̀ sí lára. Lára ẹnu ibodè olókùúta tí wọ́n kọ́ ní Leptis láti fi yẹ́ ẹ sí, a gbẹ́ ère bàbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí ère náà yóò rò pé kò sí ilé tí ó tòrò tó ilé yẹn. Ṣùgbọ́n òkúta ni ó rẹ́, ọkàn kò rẹ́.

Ní ọdún 208, gómìnà Bíríténì ránṣẹ́ pé àwọn ẹ̀yà apá àríwá ń da ilẹ̀ náà rú. Severus ti pé ọmọ ọdún 63, àìsàn ẹsẹ̀ sì ń dà á láàmú tí ó fi jẹ́ pé orí àga ni wọ́n sábà ń gbé e sí. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn sí ogun náà, nítorí ó rò pé bí òun bá mú àwọn ọmọ òun kúrò nínú fàájì Róòmù, ojú wọn yóò là. Ó kó ìyá àti ọmọ lọ. Ó tún odi tí ọba Hadrian mọ ṣe, ó kọjá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Skọ́tílándì, ó la igbó, ó fi afárá sórí irà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá kò dúró jà, wọ́n ń lúgọ, ọmọ-ogun Róòmù sì ṣègbé lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ibẹ̀ ni ohun tí ó burú jù lọ ti ṣẹlẹ̀. Ọba àti Caracalla gun ẹṣin lọ gba àwọn ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ó túúbá, ogun méjèèjì sì ń wò. Caracalla fa idà yọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ bí ẹni tí yóò gún un. Àwọn tí ń tẹ̀ lé wọn figbe ta, ọmọ náà sì dáwọ́ dúró. Severus bojú wẹ̀yìn, ó rí idà náà, kò sọ nǹkan kan. Ó parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó pe Caracalla níwájú Papinian, ó gbé idà síwájú rẹ̀, ó sì sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ pa òun, kí ó ṣe é níbẹ̀, tàbí kí ó pàṣẹ fún Papinian kí ó ṣe é. Ọmọ náà kò fọhùn. Bàbá rẹ̀ kò sì jẹ ẹ́ níyà. Ìgbà púpọ̀ ni Severus ti bá Marcus Aurelius wí pé kò mú Commodus ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́nà, tí ó jẹ́ kí ọmọ búburú bọ́ sórí ìtẹ́. Nígbà tí ó kan òun tìkára rẹ̀, ìfẹ́ ọmọ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 211, Severus kú ní Eboracum, ìlú tí à ń pè ní York, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀nà jíjìn réré sí Leptis. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀: kí wọ́n rẹ́, kí wọ́n sọ àwọn ọmọ-ogun di ọlọ́rọ̀, kí wọ́n má sì ka ẹlòmíràn sí. Wọ́n gbé eérú rẹ̀ lọ sí Róòmù. Ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Àwọn ọmọ náà pín ààfin sí méjì, wọ́n dí àwọn ilẹ̀kùn àárín. Kò pé ọdún kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 211, Caracalla ní kí ìyá wọn pe àwọn méjèèjì sínú yàrá rẹ̀ kí wọ́n lè parí ìjà. Geta wá láì mú ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Àwọn balógun ọ̀rún wọlé, Geta sá di ìyá rẹ̀, wọ́n sì pa á ní àyà rẹ̀, tí Julia fi ara gba ọgbẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 22 ni.

Caracalla lọ tààrà sí àgọ́ àwọn ọmọ-ogun, ó sì ṣèlérí owó fún wọn. Ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn Geta, ó pa Papinian pẹ̀lú. Lóòótọ́, òun ni ó ṣe òfin ọdún 212 tí ó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn inú ìjọba náà tí kì í ṣe ẹrú di ọmọ Róòmù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 217, àwọn ọmọ-ogun tí ó bọ́ yó ni ó gún un pa ní ẹ̀bá Carrhae, nínú ọ̀tẹ̀ tí olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dì. Julia Domna kú ní ọdún náà. Nínú ìmọ̀ràn mẹ́ta tí bàbá fi sílẹ̀, méjì ni ọmọ pa mọ́; ó bọ́ àwọn ọmọ-ogun, kò sì ka ẹnikẹ́ni sí. Èyí àkọ́kọ́ ni ó sọnù.

Nísinsin yìí ni a óò padà sórí ọ̀ràn Albinus. Caracalla kò tíì pé ọdún 9 nígbà tí bàbá rẹ̀ pa ẹni tí ó ti pè ní àrólé rẹ̀. Adé Késárì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni wọ́n fi dé ọmọ yìí lórí. Ó rí i pé bí ẹni méjì bá ní ìpín nínú oyè kan, idà ni a fi ń parí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó gbọ́ ní Eboracum pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ̀kọ́ tí ó rí ní Lugdunum ti wọ̀ ọ́ lára.

Àwòrán kan wà ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, tí a kùn sórí pákó ní Éjíbítì nígbà tí Severus wà láàyè. Ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ewú, Julia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ méjì sì dúró níwájú wọn. Ojú ọmọ kan hàn gbangba. Ti èkejì ni wọ́n ti ha nù, nítorí Caracalla pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ àti ère Geta rẹ́ níbi gbogbo. Bàbá àti ìyá ṣì ń wo ọ̀kánkán bí ẹni pé ilé wọn pé.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Severus kọ́ ilé tí ó tóbi ju ti gbogbo wa lọ, ó sì wá olùkọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò fi owó jìyà wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ a máa wo ọwọ́ wa ju bí ó ti ń gbọ́ ẹnu wa lọ. Nígbà tí a bá jáde níhìn-ín, tí a sì dúró níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí àwa náà rántí ojú tí wọ́n ha nù yẹn.